Ilẹ̀ Tí Mo Kọ Pé Kò Ní Ìtàn

Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ tó wà lára gbogbo òkúta ìrántí ìlú wa. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ìkọ̀lé wọlé, èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni ti abẹ́ igi ìrókò, níbi tí àwọn tó tẹ ìlú dó ti sọ ẹrù kalẹ̀. Ewúrẹ́ ti fi ara ha á títí ọ̀dà funfun ara rẹ̀ fi ń bó. Òmíràn wà níwájú ògiri ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́, ògiri alámọ̀ tí òjò ń jẹ lọ́dọọdún tó wá ku bí ìdajì. Òmíràn wà ní kóòtù ìbílẹ̀ àtijọ́, níbi tí wọ́n ti ń ta epo pupa báyìí. Èyí tó jìnnà jù wà létí omi ńlá tí ìjọba sé, níbi tí ọ̀nà oko àwọn baba wa ti wọ inú omi lọ tí kò sì jáde mọ́. Mo kọ ọ́ sára ìyẹn pé abúlé kan wà lábẹ́ omi yìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń wá ya fọ́tò níbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Kí n má purọ́, ara mi gan-an ni mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ náà. Mo ti fi ọdún gbọọrọ kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn nílé ẹ̀kọ́ girama kí n tó fẹ̀yìn tì, láti ìgbà tí mo sì ti fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó tún ń bi mí léèrè ohunkóhun mọ́ àfi bóyá iná ti dé. Tísà ṣì ni gbogbo ìlú ń pè mí, ṣùgbọ́n tísà tí kò ní kíláàsì ni. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìlú wá ní kí n ṣe akọ̀wé ètò òkúta ìrántí, ayọ̀ mi kún. Mo ra ìwé tuntun, mo ra bírò mẹ́ta. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í já àwọn àgbàlagbà lẹ́nu ọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá ní àdúgbò tòun ló kọ́kọ́ dé, màá ní kó mú ẹ̀rí wá. Ìyàwó mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá dé ọ̀run, màá kọ́kọ́ bi Pétérù pé ta ló kan ilẹ̀kùn yẹn, ọdún wo ló sì kàn án.

Ohun tó bí ètò náà ni pé nígbà tí yunifásítì dé agbègbè wa, gbogbo ilẹ̀ di ilẹ̀ ilé akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́sàn-án kan, katapílà hú igi tí wọ́n ti ń fi ọba wa jẹ lábẹ́ rẹ̀ láti ayébáyé, kí àwọn àgbà sì tó dé ibẹ̀, igi ti di igi ìdáná. Ìlú gbóná. Wọ́n wá pinnu pé kí Tísà lọ káàkiri, kó bi àwọn tó mọ̀ léèrè, kó kọ gbogbo ibi tó ní ìtàn sílẹ̀. Ibi tó bá ní ìtàn, a óò ri òkúta mọ́ ọn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á. Ibi tí kò bá ní ìtàn, kí àwọn tó ni ín fi ṣe ohun tó wù wọ́n. Ìwé méjì ni mo wá ṣe, ọ̀kan fún àwọn ibi tó ní ìtàn, èkejì fún àwọn ibi tí kò ní. Ìwé kejì yìí ni kò jẹ́ kí n gbádùn ayé mi mọ́.

Ọmọ mẹ́rin ni èmi àti ìyàwó mi bí. Ẹ̀kẹta kú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Obìnrin ni. Ẹnu rẹ̀ kì í dúró, a máa bá adìyẹ jà bí ẹni ń bá èèyàn jà, a máa bi mí ní ìbéèrè tí n kò lè dáhùn, n óò sì pariwo mọ́ ọn. Ibà ló mú un. A gbé e sínú takisí, a ń gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìdó, ó sì dákẹ́ lórí itan ìyá rẹ̀ kí a tó dé Ọ̀yẹ́. Awakọ̀ kàn rọra yí ọkọ̀ padà.

Ọmọ tó kú tí òbí rẹ̀ wà láyé, òkú ọ̀fọ̀ ni. Ní ilẹ̀ wa, òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ, òbí kì í sì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ sí. Wọ́n ní ojú òbí kò gbọdọ̀ rí i. Nítorí náà wọ́n ti èmi àti ìyàwó mi mọ́ yàrá, àwọn obìnrin ilé jókòó yí i ká, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti àwọn ìbátan wa méjì ni wọ́n gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n dé, mo gbọ́ tí wọ́n ń fọ ẹsẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Wọ́n fọ ọkọ́ pẹ̀lú, nítorí pé ilẹ̀ ìlú wa kò rí bákan náà. Pupa ni ti apá òkè, dúdú ni ti apá odò, ẹni tó bá sì jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ bíi tèmi, tó bá rí erùpẹ̀ lẹ́nu ọkọ́, yóò mọ ibi tí ọkọ́ ti ṣiṣẹ́. Wọ́n fọ̀ ọ́ títí irin fi ń dán. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ó lé ní ogún ọdún tí ìyàwó mi kò fi sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo rò pé ó ti gbàgbé. Ọkùnrin gọ̀ o! Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń kó ìwé mi jọ láti jáde, ó ń fẹ́ ìrẹsì lójú fèrèsé, kò sì gbójú sókè.

"Bàbá wọn," ó ní, "ẹ mọ ibi tí baba ẹnikẹ́ni sọ ẹrù sí nínú ùlú yìí. Ẹ mọ ibi tí ẹṣin ti gbé ọba ṣubú. Ọmọ tèmi ńkọ́? Ubo ló wà?"

Mo gbé ìwé mi kalẹ̀.

"N ò bèèrè òkúta," ó ní. "N ò ní kí ẹ kọ nǹkan kan. Kí n ṣáà mọ̀ ọ́n. Bí mo bá ń lọ sóko, kí n kí i, kí n kọjá."

Mo ṣèlérí fún un. Mo ní kí n tó parí ètò yìí, yóò mọ̀. Àwọn ìbátan wa méjèèjì tó gbé ọmọ náà lọ ti kú, ó ku ẹ̀gbọ́n mi nìkan. Mo gbé ẹmu lọ bá a ní oko rẹ̀ lọ́nà Ìtàjí, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún un lórí ebè. Ó mu ẹmu náà tán, ó nu ẹnu.

"Dìde, Tísà," ó ní. "Kì í ṣe gbogbo ohun tójú rí lẹnu í sọ. Mọ́ bi mí mọ́."

Mo bínú kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ilẹ̀ ìlú wa bíi tirẹ̀, torí náà òun náà ni mo mú dání nígbà tí mo ń lọ káàkiri. A ń rìn bí ẹni tó ń jà, mo bi í, ó dáhùn, mo kọ ọ́. Báyìí ni a ṣe dé ẹ̀yìn dìsípẹ́nsárì àtijọ́. Igbó ni ibẹ̀ nígbà náà, igbó tí kò ga, tí pèrègún dúró káàkiri nínú rẹ̀. Pèrègún tí wọ́n bá fi pààlà a máa tò lẹ́sẹẹsẹ ni. Èyí kò tò. Ọ̀kan níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni ìtàn ibí?"

"Ulẹ̀ lásán ni," ó ní. "Éè ní ùtàn kankan."

"Ta ló gbin pèrègún?"

"Ẹyẹ ni."

Ẹyẹ! Ọmọ kékeré mọ̀ pé ẹyẹ kì í gbin pèrègún. Ènìyàn ló ń gé e, tó ń fi ọwọ́ rì í mọ́lẹ̀, nítorí ohun tí kò fẹ́ kí ó sọnù. Èmi tí mo ní kí àwọn arúgbó mú ẹ̀rí wá, ẹ̀rí dúró níwájú mi tewétewé, mo sì gba ti ẹyẹ gbọ́. Oòrùn mú, òùngbẹ ń gbẹ mí, inú mi kò sì dùn sí ọkùnrin yìí débi tí n óò fi dúró bá a jiyàn. Etí omi ló kàn, ibẹ̀ ni ọkàn mi wà. Mo ṣí ìwé kejì, mo kọ ọ́ sí i pé: Ilẹ̀ ẹ̀yìn dìsípẹ́nsárì àtijọ́, kò ní ìtàn.

Ní ọjọ́ tí mo ka ìwé méjèèjì fún ìlú ní gbọ̀ngàn, ibẹ̀ kún. Mo wọ agbádá mi kan ṣoṣo tó dára, mo ń kà á bí ẹni ń ka Bíbélì. Nígbà tí mo dé orí ilẹ̀ ẹ̀yìn dìsípẹ́nsárì, gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Bàbá kan wúkọ́. Àwọn ìyá àgbà wolẹ̀. Mo rò pé ohùn mi ló wọ̀ wọ́n lára. Mo tilẹ̀ dúró díẹ̀ kí wọ́n lè gbádùn rẹ̀.

Wọ́n mọ̀. Gbogbo àwọn tó ti dàgbà tó láti sin ọmọ ẹlòmíràn nínú gbọ̀ngàn yẹn ló mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìlú wa ń sin òkú ọ̀fọ̀ sí, láti ìgbà tí dìsípẹ́nsárì ti wà. Àwọn tí kò mọ̀ ni àwọn tí ọmọ tiwọn wà níbẹ̀. Báwo ni ẹni tó mọ̀ yóò ṣe dìde sọ ọ́ lójú ẹni tí kò gbọdọ̀ mọ̀? Ta ni yóò là á lójú èmi tí mo dúró níwájú wọn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́? Àánú mi ló ṣe wọ́n. Wọ́n fi àánú dákẹ́, wọ́n sì gbà pé kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kan ilẹ̀ náà, nítorí pé baba tó ni ín mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Baba náà kú kí ọdún tó yí po. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé Èkó, Èkó ni wọ́n sì bí wọn sí. Wọ́n wá sí ìlú, wọ́n bèèrè bóyá ilẹ̀ baba wọn ní ìtàn, àwọn ìgbìmọ̀ sì fi ìwé mi hàn wọ́n, àti orúkọ mi tí mo fọwọ́ sí nísàlẹ̀ gbàgàdà gbàgàdà. Wọ́n tà á. N kò lè bá wọn wí. Bí ẹnì kan bá jẹ̀bi, àwọn kọ́.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni katapílà wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní ahéré rẹ̀, ó ń wa iṣu. Ìgbà tó fi ń bọ̀ wálé, tó sì gba ẹ̀yìn dìsípẹ́nsárì kọjá, ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò dé ilé tirẹ̀, ilé mi ló gbà wá tààrà. Ìyàwó mi wà ní ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin tó ju mí lọ yìí, tí n kò rí omi lójú rẹ̀ nígbà tí a sin bàbá wa, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀ mi, kò gun àga.

"Ọmọ rẹ ni," ó ní. "Ọmọ rẹ wà ní ubẹ̀. Pèrègún kẹta lápá òkè, èmi ni mo gbìn ín. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe ọ́."

Mo fẹ́ lù ú. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo dìde, mo ká ọwọ́ agbádá sókè, mo fẹ́ lu ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ẹni tó kọ ìwé náà, mo sì jókòó.

Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Àwọn bíríkìlà ti ń gbẹ́ fáúńdéṣọ̀n. Pupa ni ilẹ̀ náà. Mo bi ọ̀gá wọn bóyá wọ́n rí nǹkan kan nígbà tí wọ́n ń wa ilẹ̀. Ó ní gbòǹgbò igi nìkan ni. Mo bi í níbo ni wọ́n kó erùpẹ̀ sí. Ó ní ìlú ló ní kí àwọn bá wọn fi dí kòtò ojú ọ̀nà. Ó fi ọwọ́ hàn mí, ó ń rẹ́rìn-ín, pé ṣé n kò rí i pé ọ̀nà ti dára ni? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò mọ ìdí tí mo fi dúpẹ́. Títí di òní, bí mo bá ń rìn lójú ọ̀nà yẹn, ẹsẹ̀ mi kì í balẹ̀ dáadáa, mo sì mọ̀ pé gbogbo wa là ń tẹ̀ ẹ́.

Mo fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ìyàwó mi fún ohun tó lé ní ọdún kan. Ilé ń ga, èmi náà ń purọ́. Bí ó bá bi mí pé ṣé ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀, màá ní kò tíì sọ. Mo wá rí i pé ohun tí wọ́n ṣe sí mi ni mo ń ṣe sí i, orúkọ kan náà ni mo sì ń pè é: àánú. Ìtìjú ni. Mo ń bẹ̀rù ojú obìnrin náà ju bí mo ṣe ń bẹ̀rù Ọlọ́run lọ.

Ọjọ́ tí ó ní òun yóò lọ kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi fúnra òun, pé òun kò ní dìde títí yóò fi sọ ọ́, ni n kò lè fara dà á mọ́. Orúnkún ń dun ìyàwó mi. Bí ó bá kúnlẹ̀, èèyàn méjì ló máa ń gbé e dìde. Mo ní kó jókòó. Ó ń bó ẹ̀gúsí, ó gbé atẹ sórí itan. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò yọ nǹkan kan kúrò. Ó ń bó ẹ̀gúsí lọ títí mo fi sọ ọ́ tán.

"Uwé náà dà?" ó ní.

Mo gbé e wá.

"Ẹ kà á."

Mo kà á fún un. Ilẹ̀ ẹ̀yìn dìsípẹ́nsárì àtijọ́, kò ní ìtàn. Ohùn tí mo fi kà á ní gbọ̀ngàn kò sí lọ́fun mi mọ́. Ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà. Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró rẹ̀.

"Ẹ mọ̀ ọ́n kọ," ó ní. "Ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ tipẹ́."

Láti ọjọ́ náà, ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń gbé oúnjẹ fún mi, kò sì bá mi sọ ohun mìíràn. Ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ pè mí pé òkúta mẹ́ta tún kù tí a ó kọ nǹkan sí. Mo kó ìwé àti bírò wọn fún ẹni tí wọ́n rán. N kò fẹ́ rí ìwé kíkọ mọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé kan ni ìyàwó mi wẹ̀, ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n mú òun lọ sí ẹ̀yìn dìsípẹ́nsárì. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó sáré wá sí ẹnu ọ̀nà, ó ní èèwọ̀ ni, ojú òbí kò gbọdọ̀ rí i. Ìyàwó mi bọ̀wọ̀ fún un, ó kí i dáadáa, ó wá bi í pé kí ló kù tí ojú òun fẹ́ rí. Ẹ̀gbọ́n mi yà kúrò lọ́nà.

Ilé alájà méjì ni, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ọsàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin ló wà níbẹ̀, wọ́n sá aṣọ sórí okùn, orin ń dún ní yàrá mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. N kò mọ apá ibi tó jẹ́ òkè mọ́, wọ́n ti yí gbogbo rẹ̀ padà. A wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń rìn díẹ̀díẹ̀ nítorí orúnkún rẹ̀, ó ń fọwọ́ kan ògiri bí a ṣe ń lọ. Ọmọbìnrin kan ń dín dòdò lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó rí wa, ó yára fi ṣíbí sílẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán mà, ẹ káàsán sà. Ọmọ yín lẹ wá wò ni? Yàrá wo ló wà?"

Ìyàwó mi yíjú sí mi. Kò bínú. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń retí kí n dáhùn ni, nítorí pé èmi ni mo máa ń mọ̀ ọ́n, èmi ni wọ́n máa ń bi.

Mo sọ fún ọmọbìnrin náà pé kó má bínú, a ṣìlé ni.

"A ò ṣìlé," ni ìyàwó mi wí, ó sì rọra kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí ọmọ rẹ̀.